Ajálókè Nígbà Ọyẹ́

Lásìkò Àjíǹde, wọ́n á wá láti Kábbà, wọ́n á wá láti Ìlọrin,
ọkọ̀ á tò láti ìdí igi igbá dé iwájú ilé ìwé,
àwọn ọmọdé á máa tọ bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú omi tó ń ru gùdù,
àgbà á ní: "Yà mí dáadáa, kí omi náà hàn lẹ́yìn mi."

Kò sẹ́ni tó ń wá nígbà ọyẹ́.
Àwa la wá.

Aago méje àárọ̀. Àpáta Ògìdì kò tíì yọjú,
ọyẹ́ fi aṣọ bò wọ́n dé ọrùn.
Tolúfàṣẹ, agbowó ẹnu ọ̀nà, ń yá iná èèpo kajú.
"Òkun o. Ẹ̀yin náà? Omi ti lọ sílé."
Ó gba owó wa síbẹ̀síbẹ̀.
Ebùn, ọmọ àbúrò mi, fi òrí pa ètè rẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìyókù pa mí ní gìgísẹ̀:
"Àǹtí, ẹsẹ̀ yín ti là bí àkùrọ̀ tó gbẹ."

Ọ̀nà náà yí òkè po bí ọ̀já ṣe ń yí ẹ̀yìn ìyá po;
ibi tí o bá gbà wọlé lo máa gbà jáde.
Bàbá mi a máa sọ pé apá ọ̀tún ni kí a gbà,
kí oòrùn lè bá wa níbi omi.
A gba ọ̀tún.

Kajú ti tanná. Òórùn rẹ̀ dà bí oyin
tí ẹnìkan gbàgbé sábẹ́ ibùsùn.
Lẹ́yìn ìyẹn, igbó jíjó,
àṣá méjì lókè, wọ́n ń wá eku tí iná lé jáde,
eérú lórí bàtà funfun tí Ebùn kọ̀ láti bọ́.
A ò gun afárá. Abẹ́ rẹ̀ la gbà kọjá, lórí òkúta gbígbẹ,
ojú sì ń tì mí díẹ̀,
bí ẹni tó ṣèèṣì ká odò mọ́ ilé ìwẹ̀.

Orúnkún mi ń sọ̀rọ̀.
Mo ní kó dákẹ́.

Ìgbà náà ni a yọ sí i:
okùn omi kan ṣoṣo,
tín-ín-rín bí òwú tó ń bọ́ lọ́wọ́ arúgbó tó ń tòògbé.
Ariwo rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ.
"Ṣé òun nìyí?"
"Òun ni. Báyìí ló ṣe rí nígbà tí kò sí àlejò."

"Mo ti rìn lẹ́yìn omi yẹn rí," ni bàbá wa máa ń wí,
gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín,
ìyá wa á rẹ́rìn-ín jù wá lọ,
á fi ìpẹ̀kun ìró nu ojú.

Ihò kan wà níbẹ̀, kò ju ilé ìdáná lọ.
Ewédò ti gbẹ mọ́ ògiri bí ẹ̀fọ́ tó jóná sí ìdí ìkòkò.
Sálúbàtà ọmọdé kan, ẹsẹ̀ òsì.
Ebùn tan iná fóònù rẹ̀,
mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu òkúta títí lẹ́tà fi jáde,
gígún, wíwọ́, bí èyí tí a fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kọ:
ELISA.
Mo rò pé ó tán.
Mo tún nu díẹ̀ sí i.
DOKASI.

"Ta ni Dọ́káàsì?" ni Ebùn bi mí.
Ọmọ yìí, Màmá Àgbà ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ.

A gba apá òsì padà. Ó gùn ju ti ọ̀tún lọ,
àbí èmi ni mò ń fà á.
"Ẹ rí nǹkan kan?" ni Tolúfàṣẹ wí.
"Omi díẹ̀."

Nílé, ìyá mi ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
Kò gbé ojú sókè. "Mo sọ fún yín, kò sómi níbẹ̀."
Lẹ́yìn náà ló rí èjìká mi,
ibi tí ewédò ti kùn ún.
Ó gbọn ọ́n dànù, ó rọra, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀,
ó wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín,
ẹ̀rín àtijọ́ yẹn,
ó ń wá ìpẹ̀kun ìró rẹ̀.